Èémí Tó Há, Egungun Tó Ṣẹ́: Ìtọ́jú Àgbàlagbà ní Libreville

Àbá kan ṣoṣo ni àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀: ẹni tó bá ń tọ́jú èémí àgbàlagbà ní Libreville gbọ́dọ̀ máa yẹ egungun rẹ̀ wò pẹ̀lú.

Nínú àkọsílẹ̀ ọdún 2021 sí 2025, Gàbọ̀n wà lára 30 orílẹ̀-èdè tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kà sí ibi tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti gbilẹ̀ jù. Oògùn a máa pa kòkòrò ikọ́ náà, àmọ́ àpá rẹ̀ kì í tán lára ẹ̀dọ̀fóró ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí sìgá àti èéfín igi ìdáná bá tún kún un, èémí á máa há bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè.

Ẹni tí èémí há fún kì í rìn púpọ̀, egungun tí a kò sì lò a máa joro. Oòrùn Libreville, ìlú tó súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé, kò lè fún ẹni tó jókòó sínú ilé ní fítámìn D. Èyí tó léwu jù ni prednisolone, oògùn tó ń dẹ èémí: bí a bá ń lò ó lójoojúmọ́, láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ni egungun ń yára fúyẹ́ jù.

Àwọn kan á ní ogbó àti sìgá ló fa àìsàn méjèèjì. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Bí egungun ẹ̀yìn bá rún, àyà á tẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ò ní ráàyè fẹ̀ mọ́. Ìwádìí kan lọ́dún 1990 ṣírò rẹ̀ pé egungun ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan tó rún lẹ́bàá àyà ń gba nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 agbára èémí. Àìsàn kìíní bí ìkejì, ìkejì sì tún ń dá kún ìkíní.

Ẹ wo ìyá àgbà tó ti ń yan ẹja tà láti ìgbà ọ̀dọ́, tí èéfín ti mú kí èémí há fún. Ó bẹ̀rẹ̀ gbé agbada, ẹ̀yìn ro ó. Wọ́n ní ogbó ni. Kábà rẹ̀ tí kì í kanlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá ń gbálẹ̀, nítorí egungun ẹ̀yìn tó rún ti dín gíga rẹ̀ kù. Kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n.

Ibẹ̀ ló yẹ kí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Kí ilé ìwòsàn máa wọn gíga aláìsàn ẹ̀dọ̀fóró nígbàkígbà tó bá wá. Bí gíga náà bá ti dín ní sẹ̀ǹtímítà 4, kí wọ́n ya àwòrán egungun ẹ̀yìn rẹ̀. Kí prednisolone má pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kí CNAMGS, ètò adójútòfò ìlera ìjọba, ka oògùn egungun mọ́ ìtọ́jú èémí. Ẹni tí a bá gba èémí rẹ̀ là lẹ́tọ̀ọ́ sí egungun tí yóò gbé e dúró.