Ẹja Oní-míso ní Ilé Ìdáná Èjìgbò

Ẹja oní-míso ni ẹja tí wọ́n fi míso tí a pò mọ́ nǹkan dídùn pa lára, tí wọ́n wá yan títí ara rẹ̀ fi pọ́n, tó sì ń dán. Ilẹ̀ Japan ló ti ṣẹ̀ wá, sámọ́ọ̀nù sì ni ẹja tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́ lóde òní. Èjìgbò tí àyọkà yìí ń sọ ni ti Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kì í ṣe ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Níbẹ̀, Titus ni ẹja tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ rò.

Ẹ̀wà sóyà ni wọ́n fi ń ṣe míso. Wọ́n á sè é títí yóò fi rọ̀, wọ́n á gún un, wọ́n á wá po iyọ̀ àti koji mọ́ ọn. Koji yìí ni ìrẹsì tàbí ọkà bálì tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó bu; ohun tó ń hù lára rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Aspergillus oryzae. Òun ló ń sọ sóyà di ohun tó ládùn. Míso funfun kì í pẹ́ kó tó jinná, ó dùn díẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti pupa, èyí tó lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àgbá. Funfun ló dára jù fún ẹja. Adùn inú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: irú adùn yẹn náà ni onímọ̀ ará Japan kan, Kikunae Ikeda, ṣàwárí nínú ewéko òkun ní ọdún 1908, tó sì di àjínómótò tí àwọn ìyá wa ń bù sọ́bẹ̀.

Ní ìlú Kyoto, wọ́n a máa ri abala ẹja sínú míso funfun tí wọ́n ti po mọ́ ọtí ìrẹsì, fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n tó nù ún kúrò, kí wọ́n sì yan án. Saikyo-yaki ni wọ́n ń pè é. Alásè Nobu Matsuhisa, tó ṣí ilé oúnjẹ rẹ̀ ní Beverly Hills, ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1987, ló sọ irú ẹja bẹ́ẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé ń béèrè.

Sámọ́ọ̀nù kì í gbé inú òkun wa. Orílẹ̀-èdè Norway ló ń sin ín jù lọ láyé, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré tó bá dé Èkó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé fífi Titus rọ́pò rẹ̀ jẹ́ ọgbọ́n àìlówó kò tíì mọ bí àwọn ará Japan ṣe ń jẹun. Oúnjẹ ilé gidi lọ́dọ̀ wọn ni saba no misoni, ẹja saba tí wọ́n sè nínú míso, ìdílé kan náà sì ni saba àti Titus. Ọ̀rá Titus pọ̀, kì í tètè gbẹ lórí iná, adùn rẹ̀ sì lágbára tó láti dúró ti míso.

Ohun tó yẹ kéèyàn ṣọ́ra fún ni ìtọ́jú ẹja náà. Titus tó ti yọ́ nínú kóòdù-rúùmù nígbà tí iná lọ, tí wọ́n tún dì padà, léwu. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní histamine a máa pọ̀ nínú rẹ̀. Iná kì í pa á, yìnyín kì í lé e lọ. Ojú ẹni tó bá jẹ ẹ́ á pọ́n, ara á máa yún un, orí á máa fọ́ ọ. Tí ẹja bá ń ta lẹ́nu bí ata nígbà tí ẹ kò fi ata sí i, ẹ tu ú dànù. Ẹja tí ikùn rẹ̀ ṣì le, tí ojú rẹ̀ mọ́, ni kí ẹ rà. Àwọn alẹ́ja a máa gé Titus ní gígé ọbẹ̀; ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n là á láti ẹ̀yìn, kí wọ́n sì yọ egungun àárín.

Fún abala mẹ́rin, ṣíbí ìjẹun méjì míso funfun tó. Ẹ fi ṣíbí oyin kan, jínjà lílọ̀ díẹ̀, ááyù díẹ̀, fínígà díẹ̀ àti òróró díẹ̀ kún un, kí ẹ pò ó kó ki. Oyin pẹ̀lú omi díẹ̀ ti tó dípò ọtí ìrẹsì. Iyọ̀ àti Maggi kò sí níbẹ̀ rárá, iyọ̀ inú míso ti pọ̀ tó. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bù ú níwọ̀n. Ẹ fi aṣọ nu ara ẹja gbẹ, kí ẹ fi díẹ̀ nínú míso náà pa á lára, kí ẹ fi í sílẹ̀ nínú fìríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nínú ófùn tó gbóná tó 200°C, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá ni. Lórí àdògán, ẹ nu míso ara ẹja kúrò, ẹ yan án ná, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná, kí ẹ tó fi ìyókù pa á lára, torí oyin tètè ń jóná, èyí tó bá jóná sì máa ń korò.

Ọ̀pọ̀ ló ń béèrè bóyá irú lè ṣiṣẹ́ míso. Lóòótọ́, ẹbí ni wọ́n, àmọ́ kì í ṣe ọmọ ìyá. Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní Bacillus subtilis ló ń sọ irúgbá sísè di irú, òun náà ló sì ń sọ ẹ̀wà sóyà di natto lọ́dọ̀ àwọn ará Japan. Natto gan-an ni àbúrò irú. Òórùn irú le ju ti míso lọ, kò sì dùn bí i tirẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ lo irú pẹ̀tẹ̀, ẹ kọ́kọ́ dín in díẹ̀ nínú òróró, kí ẹ fi oyin tó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ sí i, kí ẹ sì fi iyọ̀ sí i. Lójú tèmi, ó dùn pẹ̀lú bọ̀ọ̀lì ju pẹ̀lú ìrẹsì funfun lọ, ṣùgbọ́n kí a má pè é ní míso.

Àwọn ilé ìtajà ńlá tó ń kó oúnjẹ òkèèrè wọ Èkó ni kí ẹ ti wá míso. Ẹ ra èyí tó kéré jù, kí ẹ dé e pa sínú fìríìjì. Yóò wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láì bàjẹ́.