Om
Om, tàbí Aum, ni ìró tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù kà sí mímọ́ jù lọ. Òun ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ kíka Veda, ìwé mímọ́ wọn, òun náà ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Mandukya Upanishad, ìwé kékeré ẹlẹ́sẹ 12, ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tó jinlẹ̀ gan-an: ìró A nínú Aum dúró fún ìgbà tí a lajú sílẹ̀, U fún ìgbà tí a ń lálàá, M fún oorun ìjìkà tí kò ní àlá nínú. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e ni ipò kẹrin, turiya, níbi tí Atman, ẹni inú ènìyàn, ti jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú Brahman, orísun ohun gbogbo. Ẹwà ẹ̀kọ́ yìí pọ̀, nítorí ó ka ìdákẹ́jẹ́ pàápàá mọ́ ìró. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà àti Jain náà ń lo Om.