Erékùṣù Bunce: Ibi tí Kò Sí Olùgbé, tí Kò sì Ṣófo

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí kò ku ẹnìkan níbẹ̀ tí yóò pa àrọ́bá, àfi òkúta.

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Freetown, olú-ìlú Sierra Leone, tó sì gòkè odò fún nǹkan bí 20 máìlì, yóò kan erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Bunce. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 500 mítà, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 100 mítà. Kò sí ọjà níbẹ̀, kò sí ilé tí èéfín ń rú. Igi ti hù láàárín ògiri tó wó, àwọn ìbọn àgbá àtijọ́ sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí di òní.

Ní nǹkan bí ọdún 1670 ni àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀dó síbẹ̀. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: ibẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá láti òkun lè gòkè odò dé mọ, ibẹ̀ náà sì ni ọkọ̀ kékeré ti lè kó ẹrù wá bá wọn láti ilẹ̀ òkè. Ènìyàn ni ẹrù náà. Ẹ̀yìn ilé ọ̀gá ni wọ́n mọ ọgbà tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú sí, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin àti ọmọdé lọ́tọ̀. Lórí erékùṣù yìí kan náà ni àwọn òyìnbó ti ń gbá gọ́ọ̀fù fún ìgbádùn.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó níbẹ̀ ló dé South Carolina àti Georgia ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn olóko ti ń wá àwọn tó mọ iṣẹ́ oko ìrẹsì. Richard Oswald wà lára àwọn tó ni Bunce. Henry Laurens ló ń bá wọn ta ẹrú ní Charleston. Nígbà tí Amẹ́ríkà jà fún òmìnira, tí wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àkọ́kọ́ ní Paris lọ́dún 1782, Oswald ló fọwọ́ sí i fún Gẹ̀ẹ́sì, Laurens sì wà lára àwọn tó fọwọ́ sí i fún Amẹ́ríkà. Àwọn tó jọ jẹ nínú òwò ẹrú ló jókòó sọ̀rọ̀ òmìnira.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ọdún 1792 ni wọ́n tẹ Freetown dó fún àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti gba òmìnira. Síbẹ̀, títí di ọdún 1807 tí òfin Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí òwò náà, wọ́n ṣì ń ta ènìyàn ní Bunce. Odò kan náà, ìdáǹdè nísàlẹ̀, ìdè lókè. Ní Freetown yìí ni wọ́n mú Àjàyí Crowther dé lọ́dún 1822, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn Pọtogí. Àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n ń pè wọ́n ní Aku, nítorí bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní “ẹ kú.” Àwọn tó padà wálé lára wọn là ń pè ní Sàró ní Èkó àti Abẹ́òkúta.

Òtítọ́ ni pé kì í ṣe Bunce ni wọ́n gbé Àjàyí gbà. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ ìtàn Sàró, ibi ìdáǹdè la máa ń dúró sí. A kì í gòkè odò. Àwọn Gullah, tí wọ́n jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú oko ìrẹsì, gòkè odò yẹn ní tiwọn: lọ́dún 1989, àwọn kan lára wọn wá láti Amẹ́ríkà fojú rí Bunce.

Láti ọdún 1948 ni ìjọba ti kéde erékùṣù náà ní ibi ìrántí orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n ìkéde kì í dá omi dúró. Odò ń jẹ etí ilẹ̀ náà, ògiri sì ń wó. Bí òkúta wọ̀nyí bá bọ́ sódò tán, ta ni yóò pa àrọ́bá fún àwọn ọmọ wa?