Ọ̀pá Kọ́, Ìbọn Ni

Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀pá lásán ni ọlọ́pàá fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ṣì í. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní 1861, kì í ṣe ọmọ Èkó ni wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Àwọn Haúsá ni Glover kó jọ. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹrú tí ó sá fún olówó rẹ̀. Àlejò tí kò ní ìbátan nílùú ni òyìnbó ń wá, nítorí kò ní ṣojú àánú sí ẹnikẹ́ni. Àwọn yìí kan náà ni wọ́n kó lọ ja Ìjẹ̀bú lógun ní 1892. Ọdún 1896 ni a tó dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá Èkó sílẹ̀. Ọdún márùndínlógójì ni ará ìlú ti fi ń sá fún aláṣọ ìjọba.