Nígbà tí wọ́n bá ní kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́

Lónìí, ìtàn ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ó dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí púpọ̀ nínú yín ti gbọ́ rí ní ilé ìwòsàn: "Kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́. Ẹ máa gbé e lọ sílé." Ẹbí á gbé aláìsàn wálé pẹ̀lú ìrora rẹ̀, wọ́n á máa wò ó bó ṣe ń ké lóru. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òótọ́ tán. Àìsàn lè kọ̀ kó má gbóògùn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìtọ́jú kò tíì parí níbẹ̀. Ẹni tó là wá lójú sí èyí, nọ́ọ̀sì ni kó tó di dókítà.

Cicely Saunders ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1918 ni wọ́n bí i nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà ogun Hitler, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ń dùn ún, kò lè máa gbé aláìsàn mọ́. Ó bá di ẹni tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilé àti owó àwọn aláìsàn. Ibẹ̀ ló ti pàdé David Tasma, Júù kan tó wá láti Pólàǹdì. Àrùn jẹjẹrẹ ń ṣe é, kò sì ní ẹbí nítòsí. Cicely á lọ jókòó tì í, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀. Wọ́n jọ rò ó pé ó yẹ kí ilé kan wà fún irú aláìsàn báyìí, níbi tí wọ́n á ti bá a ká ìrora kúrò, tí wọ́n á sì máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Nígbà tí Tasma kú ní 1948, ó fi 500 pọ́n-ùn sílẹ̀ fún un, pé kí òun jẹ́ fèrèsé kan nínú ilé náà.

Nígbà yẹn, ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n máa ń dúró kí ìrora dé kí wọ́n tó fún aláìsàn lóògùn. Wọ́n ń bẹ̀rù pé òògùn tó lágbára bíi mọfíìnì á di bárakú. Aláìsàn á máa wo aago, á máa bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé kan tó ń jẹ́ St Luke's, níbi tí Cicely ti ń ṣèrànwọ́ nírọ̀lẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì ń fún wọn lóògùn ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, kí ìrora tó padà dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi igi dáná, ẹ mọ̀ ọ́n: ẹ kì í dúró kí iná kú kí ẹ tó ti igi sí i.

Dókítà kan gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, kí àwọn dókítà lè gbọ́ tirẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀. 1957 ló parí rẹ̀. Ó wá ń jókòó ti àwọn tí ikú sún mọ́, ó ń kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Ó yé e pé ìrora kì í ṣe ti ara nìkan. Ìyá tó wà lórí ibùsùn lè máa ronú pé ta ni yóò tọ́ ọmọ òun, gbèsè ọjà ńkọ́, ìjà tí òun àti ọmọ ìyá òun kò tíì parí ńkọ́, báwo ni òun ṣe máa bá Ọlọ́run pàdé. Gbogbo rẹ̀ ló ń dùn ún.

Ní 1967, ọdún 19 lẹ́yìn ikú Tasma, wọ́n ṣí St Christopher's ní Lọ́ńdọ̀nù. Fèrèsé Tasma wà níbẹ̀. Nígbà tó di 1969, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ tọ́jú aláìsàn nínú ilé wọn.

Ẹ lè ní, "Ti òyìnbó nìyẹn, àwa ò lówó." Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ùgáńdà. Ní 1993, dókítà Anne Merriman, tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Nàìjíríà, dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń po mọfíìnì oníyẹ̀fun mọ́ omi, kí aláìsàn lè mu ún nílé, kò wọ́n. Dókítà kò tó, ìjọba bá yí òfin padà ní 2004, kí nọ́ọ̀sì tó gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ lè máa kọ ọ́ fún aláìsàn. Nítòsí wa, ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ yìí náà.

Kí ni ìtàn yìí fẹ́ kí ẹ ṣe? Bí wọ́n bá ní ẹ máa gbé ẹni yín lọ, ẹ má dìde kíá. Ẹ bèèrè pé: "Ìrora ńkọ́? Òògùn wo ni, aago mélòó ni ká máa fún un?" Láti 1986 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ lóògùn ìrora ní àkókò rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó bá ké. Bí wọ́n bá fún yín ní mọfíìnì, ẹ má fi kún un, ẹ má pín in fún ẹlòmíràn, ẹ gbé e jìnnà sọ́mọdé. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá wọ̀n ọ́n bó ti yẹ, kì í ṣe òun ló ń pa aláìsàn. Àìsàn náà ni.

Nílé, ẹ máa yí i padà kí ara rẹ̀ má bàa ṣí. Ẹ fi omi mímọ́ tutù sí i ní ètè. Ẹ má sọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ó lè máa gbọ́. Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú rẹ̀, ẹ pín òru láàárín ara yín, kí ìyá kan má dá a ṣe, torí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Fún àwa nọ́ọ̀sì náà: ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Kí a má sọ fún ẹbí kankan mọ́ pé kò sí ohun tí a lè ṣe. Ká sọ ohun tó kù tí a lè ṣe, ká sì ṣe é.