Stanozolol

Stanozolol jẹ́ oògùn àtọwọ́dá tí a ṣe ní àwòṣe testosterone, ìyẹn họ́mọ̀nù tí ń sọ ọmọkùnrin di géńdé, tí a sì fi ẹ̀ka kékeré kan kún kí ẹ̀dọ̀ má baà tètè tú u ká bí a bá gbé e mì. Àwọn oníṣègùn lò ó fún àìtó ẹ̀jẹ̀ tí ó ti inú mùdùnmúdùn egungun wá, àti ní pàtàkì fún àìsàn àjogúnbá kan tí ojú, ètè àti ọ̀nà ọ̀fun fi ń ṣàdédé wú, tí èémí aláìsàn sì lè sé. Mìlígíráàmù 2 lójúmọ́ lè tó láti dènà rẹ̀.

Àwọn eléré ìdárayá ló sọ ọ́ di ohun ìrẹ́jẹ, nítorí pé ó ń fi iṣan kún ara. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Seoul lọ́dún 1988, inú ìtọ̀ Ben Johnson ará Kánádà ni wọ́n ti bá a, wọ́n sì gba wúrà eré ìje 100 mítà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2012, àyẹ̀wò bá a lára Vivian Chukwuemeka, ọmọ Nàìjíríà tí ń ju irin. Bí ó ti jẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì tí ó rú òfin oògùn ìrẹ́jẹ, wọ́n fòfin dè é títí ayé.

Stanozolol lè mú kí àpò ẹ̀jẹ̀ kéékèèké hù nínú ẹ̀dọ̀, kí wọ́n sì bẹ́ láìròtẹ́lẹ̀. Èyí tí ó bani nínú jẹ́ jù ni ti obìnrin: nǹkan oṣù rẹ̀ lè dúró, irùngbọ̀n lè hù, ohùn rẹ̀ sì lè ki, tí ohùn náà lè má padà sípò mọ́ bí ó tilẹ̀ jáwọ́ nínú oògùn náà.