Ta Ni Ń Ṣọ́ Ilẹ̀? Májèlé, Òfin àti Ìjọba Ìlú, láti Koko dé Àjàṣẹ́

Inú ilẹ̀ ni ìtàn àbáláyé Àjàṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọdẹ mẹ́ta tí wọ́n ti ilẹ̀ Yorùbá wá rí ẹ̀dá olórí mẹ́sàn-án kan tí ó jáde láti inú òkìtì ọ̀gán, wọ́n sì sọ ibẹ̀ di ojúbọ. Akron, ọ̀kan lára àwọn àdúgbò tí ó pẹ́ jù lọ ní ìlú náà, kò tíì gbàgbé ìtàn yìí. Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro: ẹni tí yóò tẹ ilẹ̀ dó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ náà.

Ní ayé àtijọ́, agbo-ilé kọ̀ọ̀kan ní àkìtàn tirẹ̀, ojú baálé sì wà lára rẹ̀. Eérú, èèpo iṣu àti ewé tí wọ́n ń dà síbẹ̀ a máa jẹrà, a sì máa di ilẹ̀dú tí ẹ̀fọ́ ń hù sí. Ìṣọ́ baálé tó fún irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rúndún ogún mú òmíràn wá: òjé, epo ọkọ̀ àti kẹ́míkà ilé iṣẹ́. Ìwọ̀nyí kì í tètè jẹrà, wọ́n sì lè gba abẹ́ ilẹ̀ dé inú kànga. Nígbà tí irú májèlé bẹ́ẹ̀ bá wọ ilẹ̀, ta ni ó yẹ kí ó bójú tó bí a ó ṣe mú un kúrò?

Ìlú Koko ni a ó ti kọ́kọ́ wá ìdáhùn, ní ilẹ̀ àwọn Ìṣẹ̀kírì tí èdè wọn bá tiwa tan. Láàárín 1987 sí 1988, ọkọ̀ ojú omi láti Ítálì kó nǹkan bí àgbá 18,000 tí ó kún fún ìdọ̀tí olóró wá sí èbúté kékeré yìí. Ará ìlú kan ni ó yá wọn ní àgbàlá rẹ̀. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé náírà 500 lóṣù ni owó ilẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ da ohun inú àgbá nù kí wọ́n lè fi àgbá náà pọn omi. Ìjọba ìbílẹ̀ tí ó sún mọ́ àgbàlá náà kọ́ ni ó ké gbàjarè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n wà ní Ítálì ni wọ́n ta ilé lólobó, tí àwọn ìwé ìròyìn fi tú àṣírí náà ní oṣù Okúdù 1988. Ìjọba Nàìjíríà fi agídí mú Ítálì kó ẹrù rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí ó kó o, Karin B, rìn kiri lójú òkun nítorí pé èbúté ilẹ̀ Yúróòpù kan lẹ́yìn òmíràn kọ̀ ọ́. Lọ́dún yẹn kan náà ni òfin Nàìjíríà sọ kíkó ìdọ̀tí olóró wọlé di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà ní Bẹ̀nẹ̀. Ní 1988 ni aráyé gbọ́ nípa àdéhùn tí ìjọba ìgbà náà bá ilé iṣẹ́ Sesco ti Gibraltar ṣe, pé kí wọ́n máa kó ìdọ̀tí wá sin síhìn-ín ní iye dọ́là 2.50 fún tọ́ọ̀nù kan. Ariwo pọ̀, àdéhùn náà sì forí ṣánpọ́n. Ìtìjú yìí kò parẹ́ nínú ọkàn àwọn tí wọ́n kọ Òfin Ìpìlẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ 1990. Abala 27 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tí ó mọ́, ó sì sọ ọ́ di ojúṣe rẹ̀ láti dáàbò bò ó. Abala 29 pe kíkó ìdọ̀tí olóró ilẹ̀ òkèèrè wọlé, sísin ín, àti àdéhùn èyíkéyìí lórí rẹ̀, ní ọ̀ràn sí orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1991, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ní Bamako.

Òfin wá ti ilẹ̀kùn iwájú gbọn-in. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìnkùlé. Òfin 97-029 ti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1999, tí ó dá àwọn kómúùnù sílẹ̀ bí a ti mọ̀ wọ́n, fi kíkó ìdọ̀tí líle lé wọn lọ́wọ́, ó sì yọ ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n máa ṣọ́ ìmọ́tótó ìlú. Báyìí ni òfin yẹn ṣe fún méérì ìgbà náà ní àṣẹ lórí èèpo ẹ̀gẹ́ tí ó wà lójú títì, tí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí tí ó léwu jù sì wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ tí wọ́n jìnnà sí àdúgbò. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Abidjan, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, fi ohun tí àlàfo yìí lè bí hàn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Ògún 2006, ọkọ̀ Probo Koala gúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú kúbíìkì mítà 528 ìdọ̀tí tí ilé iṣẹ́ Trafigura ní. Lóru, wọ́n dà á sí Akouédo àti àwọn ibòmíràn káàkiri ìlú. Ó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn tí wọ́n wá ìtọ́jú. Ní 2007, Trafigura gbà láti san sẹ́fà bílíọ̀nù 95 fún ìjọba, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ ti fífọ ilẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2018 ni àjọ àyíká ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó tẹ èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ àti omi àwọn ibi náà jáde. Ó ju ọdún mọ́kànlá lọ. Nínú ìdájọ́ rẹ̀ ti ọjọ́ 5 oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2023, Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn sọ pé Côte d'Ivoire tẹ ẹ̀tọ́ àwọn ará ìlú lójú. Ẹ̀tọ́ láti mọ òtítọ́ wà lára wọn.

Akron kò tíì rí irú àjálù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a mọ ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì ọkọ̀, ibi tí mẹkáníìkì ń da ọ́ìlì àlòkù sí, àti ilé tí àgbá kpayo ti ń jò sílẹ̀ lẹ́bàá kànga. Bí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìwé ilẹ̀ kì í sọ ohun tí wọ́n dà síbẹ̀. Ọmọ tí ó bá ń ṣeré níbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kí méérì ní àkọsílẹ̀ ilẹ̀ tí a ti fi ṣiṣẹ́ olóró, èyí tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò kí ó tó ra ilẹ̀. Kí olórí àdúgbò wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kó májèlé kúrò. Kí wọ́n yẹ omi kànga wò ṣáájú àti lẹ́yìn iṣẹ́, kí wọ́n sì ka èsì rẹ̀ sétí ìgbọ́ gbogbo ènìyàn, ní èdè Gùn àti ní Yorùbá, kí ó má ṣe jẹ́ ní Faransé nìkan. Onílẹ̀ Koko gba owó láìmọ ohun tí ó gbà sílé. Ará Abidjan dúró ju ọdún mọ́kànlá lọ kí ó tó gbọ́ èsì. Ìmọ̀ tí kò dé àdúgbò lákòókò ni ó jẹ gbogbo wọn níyà.